Ọyẹ́ gbé bàálù Èkó lọ sí Akra, làwọn oníṣòwò bá gba Sẹ̀mẹ̀ wọlé

Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù lóṣù kejì ọdún, nígbà tí òtútù ibẹ̀ ń mú èèyàn dé eegun, oòrùn Èkó ló máa ń wà lọ́kàn ẹ̀. Á ti ká ẹ̀wù òtútù sínú báàgì, á ti bá oníbàárà ẹ̀ sọ ọ́ lórí fóònù pé bó bá fi máa di aago mẹ́wàá àárọ̀ ọ̀la, àwọn á ti jọ fojú rinjú ní Balógun. Àfi bí awakọ̀ bàálù ṣe dédé sọ̀rọ̀ látiwájú pé Èkó ò ṣe é balẹ̀ sí o, Akra lọkọ̀ dorí kọ. Ó parí! Gbogbo ètò ti dojú dé.

Bọ́rọ̀ ṣe rí gan-an nìyẹn lóṣù kejì ọdún 2020. Ọyẹ́ bo Ìkẹjà bí ẹni da aṣọ bò ó, làwọn bàálù ilẹ̀ òkèèrè bá ń ṣẹ́rí sí Akra. Àwọn kan di gbogbo ẹ̀bi ru ọyẹ́, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ọyẹ́ nìkan kọ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹ̀rọ tuntun tó ń tọ́ bàálù sọ́nà nínú kùrukùru sí pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ni, wọn ò sì tíì yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n fọwọ́ sí i pé ó péye. Ẹ̀rọ wà nílẹ̀, awakọ̀ ò lè lò ó. Ẹ ò rí nǹkan!

Ọyẹ́ fúnra ẹ̀ kì í ṣe àlejò. Láti oṣù kọkànlá wọ oṣù kẹta, atẹ́gùn a máa fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà, pàápàá láti apá Bodélé nílẹ̀ Chad, eruku ló sì máa ń rù bọ̀. Eruku ọ̀hún fúyẹ́, ó lè wà lókè fún ọjọ́ mélòó kan kó má balẹ̀. Bí ibi tójú ń ríran dé ò bá ti tó 800 mítà, ọ̀pọ̀ bàálù abẹ́lé ò ní í gbéra. Ìdí nìyẹn táwọn tó ń ti Èkó lọ ṣòwò l'Abuja tàbí Kano náà fi máa ń sùn sórí àga ní pápákọ̀ lásìkò yẹn.

Ẹni tó bá ara ẹ̀ l'Akra ńkọ́? Wákàtí kan péré ni bàálù ń rìn láti ibẹ̀ dé Èkó, ìyẹn ló tiẹ̀ ń dun èèyàn jù. Ẹni tí ò kánjú á jókòó títí ojú ọjọ́ á fi là. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ìwé àdéhùn tó fẹ́ fọwọ́ sí, tí wọ́n sì ti sọ fún un pé bí ò bá dé lọ́la, ẹlòmíì làwọn máa gbéṣẹ́ fún, ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ á jókòó? Ọ̀nà kan ò wọjà. Irú wọn ló máa ń kọrí sí ibùdókọ̀ Tudu láàárín ìlú Akra, tí wọ́n á wọ ọkọ̀ Aflao. Láti Akra dé Èkó dín díẹ̀ ní 500 kìlómítà, ẹnubodè mẹ́ta ló sì wà lójú ọ̀nà.

Ọkọ̀ á gba orí afárá odò Volta kọjá ní Sogakope kó tó dé Aflao. Níbẹ̀, ẹsẹ̀ lèèyàn fi ń rìn wọ Togo. Bó ṣe ń kúrò ní Ghana báyìí, inú ìlú Lomé ló bọ́ sí, sídì ò sì wúlò mọ́, séfà ni wọ́n ń ná. Láti Lomé, ọ̀nà etí òkun ló lọ sí Aného, títí dé Hilla-Condji tí wọ́n ti ń wọ Benin. Ibẹ̀ laago ti ń ṣi àwọn tí ò mọ̀ lọ́nà. Aago méjìlá ọ̀sán ní Togo, aago kan ni ní Benin, bẹ́ẹ̀ náà ni ní Nàìjíríà. Ẹni tó ń ṣírò àsìkò tó kù, wákàtí kan ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ láìjẹ́ pé ọkọ̀ dúró.

Wọ́n á kọjá Grand-Popo, wọ́n á kọjá Ouidah, wọ́n á dé Kútọnu. Kútọnu yìí lọkàn ti ń balẹ̀ díẹ̀, torí èdè Yorùbá ò ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Ẹni tí Faransé ti dí lẹ́nu láti Lomé á wá rẹ́ni pè ní ẹ̀gbọ́n. Ọ̀nà ọ̀hún kúkú kì í ṣàjèjì sí Yorùbá. Nígbà tí ìjọba Busia ní kí àwọn àjèjì tí ò níwèé kúrò ní Ghana lóṣù kọkànlá ọdún 1969, ọ̀nà yìí lọ̀pọ̀ àwọn oníṣòwò Yorùbá kó ẹrù gbà wálé.

Sẹ̀mẹ̀ ló wá kù. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀ fáwọn tọdún 2020. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni ìjọba Nàìjíríà ti ti ẹnubodè orí ilẹ̀ pa fún ọjà, oṣù kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n tó ṣí Sẹ̀mẹ̀ padà. Ẹni tó bá ní pásípọ́ọ̀tù lè kọjá, ọjà ò gbọdọ̀ kọjá. Oníṣòwò á gbé ara ẹ̀ délé, ọjà tó torí ẹ̀ lọ sókè òkun á ṣẹ́kù sẹ́yìn. Ìgbà tó bá tún wọ Nàìjíríà tán, ibi tí wọ́n ti ń dá ọkọ̀ dúró láti Àgbádárìgì dé Mile 2 ò lóǹkà.

Àwọn tójú wọn ti rí irú ẹ̀ ti kọ́gbọ́n. Wọn kì í fi ọjọ́ tí wọ́n máa dé ṣàdéhùn mọ́, ọjọ́ kẹta ni wọ́n ń dá. Pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà wọn kì í wọ ẹrù ìsàlẹ̀ bàálù, ọwọ́ ni wọ́n fi ń mú un, torí òun ló ń jẹ́ kí wọ́n wọ Ghana, Togo àti Benin láìgba físà. Ẹni tó jẹ́ tìlú òyìnbó nìkan ló mú dání, kó wádìí kó tó jáde ní pápákọ̀. Yẹ́lò káàdì, ìyẹn káàdì abẹ́rẹ́ ibà apọ́njú, gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú wọn, àyẹ̀wò ọjà àti ìwé àdéhùn náà kì í kúrò nínú báàgì ọwọ́.

Ọyẹ́ á padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, ìyẹn ò níyè méjì. Ẹni tó bá fi àyè sílẹ̀ fún un nínú ètò ẹ̀, ìrìn àjò ẹ̀ lè gùn, iṣẹ́ ò ní í bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.