Ẹ Máa Tẹ̀lé Ìró Odó: Oúnjẹ Gidi Nítòsí Gáréèjì Aládé

Ẹni tó bá ti gun Òkè Ìdànrè rí yóò mọ ohun tí a fẹ́ sọ yìí. Àtẹ̀gùn tó wà níbẹ̀ lé ní 600. Bí ènìyàn bá gùn ún dé òkè, tó wo ìlú àtijọ́ tí àwọn baba ńlá ará Ìdànrè fi sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1923, tó sì tún sọ̀kalẹ̀, ẹsẹ̀ yóò máa gbọ̀n, ikùn yóò sì máa kígbe. Ìbéèrè tó kù ni pé: níbo ni a ti lè rí oúnjẹ tó dára, tí kò ní jẹ owó ọkọ̀ tí a ó fi padà sílé?

Ìlú mẹ́ta ló para pọ̀ di Ìdànrè: Odòde, Aládé àti Àtòsìn. Òkè náà ló sọ wọ́n di olókìkí. Ní ọdún 2007, Nàìjíríà fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí UNESCO, kí wọ́n lè wò ó bóyá ó yẹ láti wà lára ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ìlú àgbẹ̀ kòkó ni Ìdànrè pẹ̀lú, àgbẹ̀ kì í sì í fi oúnjẹ ṣeré.

Àwa, ìyàwó wa àti àwọn ọmọ wa mẹ́ta ni a jọ lọ láti Àkúrẹ́. Nígbà tí a dé Aládé láti wọ ọkọ̀ padà, aago méjì ọ̀sán ti lù. A rí ilé oúnjẹ kan lẹ́bàá ọ̀nà tí wọ́n kùn lọ́dà, tí àwọn àga rẹ̀ ń dán. Ojú wa wọ̀ ọ́. Kí a má purọ́, ìgbéraga wà níbẹ̀: a kò fẹ́ kí ará ìjọ kankan bá wa lórí bẹ́ǹṣì nínú búkà. A ti fẹ́ wọlé nígbà tí ìyàwó wa fà wá láṣọ.

“Dádì, ẹ jẹ́ kí a béèrè iye rẹ̀ ná.”

Nígbà tí a béèrè, owó àwo márùn-ún yóò kó gbogbo owó ọkọ̀ wa lọ. Inú kúlà ni ìrẹsì náà wà, wọ́n ṣí i, kò sí èéfín kankan. Ìyàwó wa rán wa létí pé irú oúnjẹ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bẹ́ẹ̀ ni àbíkẹ́yìn wa jẹ ní ìlú mìíràn, tí ìgbẹ́ gbuuru fi dá a dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

A yà sí gáréèjì, a bá awakọ̀ kan tó ń nu gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá awakọ̀. Níbo ni ẹ̀yin fúnra yín ti ń jẹun?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Bàbá, ẹ gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù wọ̀nyí. Ẹ máa tẹ̀lé ìró odó.”

A kò rìn jìnnà tí a fi gbọ́ ọ. Lábẹ́ páànù, obìnrin méjì ń gún iyán nínú odó kan, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ń hó lórí iná igi, àwọn awakọ̀ àti àgbẹ̀ sì kún orí bẹ́ǹṣì.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Èló ni iyán yín?”

“Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Iye tí ẹ bá fẹ́ ni a ó bù. Iyán lọ́tọ̀, ẹran lọ́tọ̀.”

Ó dárúkọ iye ọ̀kọ̀ọ̀kan kí a tó jókòó. Owó wa kò ká ẹran fún gbogbo wa, ojú sì fẹ́ máa tì wá. Màmá rí i. Ó ní, “Ẹ ra ẹran fún àwọn ọmọ, kí ẹ̀yin àgbà fi pọ̀ǹmọ́ jẹ ẹ́. Ta ni yóò bi yín?”

A rẹ́rìn-ín, a jókòó. Iyán náà gbóná, ó fà, kò ní kókó. Gbogbo wa yó, owó ọkọ̀ wà lápò, inú kò sì run ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbà ní iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn. Ọjọ́ náà ló yé àwọn ọmọ wa.

Ẹ̀yin òbí tó ń kó ọmọ rìnrìn àjò, ohun tí a rí kọ́ nìyí, ó sì wúlò ní gáréèjì gbogbo.

Èkíní, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń jẹun níbẹ̀ lójoojúmọ́. Awakọ̀ kò lè máa san owó gọbọi lójoojúmọ́, kò sì lè fi inú rírun wakọ̀.

Èkejì, ẹ béèrè iye kí ẹ tó jókòó. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ìtìjú wà nínú kí ènìyàn jẹun tán kí owó má tó.

Ẹ̀kẹta, ẹ wá oúnjẹ tó ń rú èéfín. Inú oúnjẹ tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí ni kòkòrò àìfojúrí ti ń pọ̀ sí i. Iyán tí wọ́n ń gún lójú yín kò sùn mọ́jú.

Ẹ̀kẹrin, ẹ wo omi. Èrò tó pọ̀ nìkan kò tó. Bí omi tí wọ́n fi ń fọ àwo bá ti dúdú, ẹ dìde, nítorí omi àti oúnjẹ ìdọ̀tí ni àrùn onígbáméjì ń bá wọlé. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín pẹ̀lú, nítorí ọwọ́ ni a fi ń jẹ iyán.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ tètè dé. Bí ìkòkò ọ̀sán bá ti gbẹ, ó di ọjọ́ kejì.

Díẹ̀ ló kù kí ìgbéraga wa jẹ owó ọkọ̀ wa lọ́jọ́ náà, kí a sì fi ebi padà dé Àkúrẹ́. Bí ẹ bá dé Aládé, tí àga tó ń dán bá ń pè yín, ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ tẹ́tí sílẹ̀. Ẹ máa tẹ̀lé ìró odó.