Ọmú Kẹta

Ní àdúgbò wa ní Ìsẹ́yìn, ìró òfì ni ó ń jí ènìyàn láàárọ̀. Bàbá àgbà mi ń hun aṣọ, bàbá mi ń hun aṣọ, bàbá kékeré náà ń hun ún. Èmi nìkan ni mo yà sí ìdí kọ̀ǹpútà. N kò mọ̀ pé kọ̀ǹpútà náà ni yóò dá mi padà sí ìdí òfì.

Ní ọdún tí mo wà ní SS3, ẹbí kan láti Ṣakí gbé iṣẹ́ aṣọ ìgbéyàwó wá fún wa. Ọnà kan náà ni wọ́n fẹ́ lára gbogbo aṣọ náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni wọ́n sì fún wa. Nínú owó iṣẹ́ yẹn ni bàbá mi fẹ́ ti san owó ìdánwò WAEC mi. Nítorí náà, ojoojúmọ́ ni mo ń yọjú wo ibi tí iṣẹ́ dé.

Ọmú méjì ni òfì wa ní. Bí ẹsẹ̀ bá tẹ ìtẹsẹ̀ kan, ìdajì òwú yóò gòkè. Bí ó bá tẹ èkejì, ìdajì tó kù yóò gòkè, ọ̀kọ̀ yóò sì gba àárín wọn kọjá. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ ọnà, ènìyàn gbọ́dọ̀ ṣa àwọn òwú kan sókè láàárín àwọn yòókù. Igi pẹlẹbẹ ni bàbá àgbà fi ń ṣà wọ́n: mẹ́ta sókè, méjì sílẹ̀, mẹ́ta sókè. Orí wọn ni wọ́n kó gbogbo ọnà náà sí.

Bàbá kékeré ní kí a má fi àkókò ṣòfò. Wọ́n so ọmú kẹta mọ́ òfì, wọ́n sì ki àwọn òwú ọnà náà nìkan bọ inú rẹ̀. Odidi ọjọ́ kan ni wọ́n fi so ó. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo òwú ọnà náà sì dìde pọ̀. Bàbá àgbà wò ó, wọn kò sọ̀rọ̀. Wọ́n rọra ti igi wọn sábẹ́ bẹ́ńṣì.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, olùkọ́ kọ̀ǹpútà wa ní kí n wá ran òun lọ́wọ́ láti tẹ èsì ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 480 sínú kọ̀ǹpútà: orúkọ, iṣẹ́, máàkì, ní ìlà àti òpó. Ká tó ṣẹ́jú, kọ̀ǹpútà ti to gbogbo rẹ̀ láti orí ẹni tó gbégbá orókè dé orí ẹni ìkẹyìn. Mo béèrè pé, “Sà, àwọn tó ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ìlà ńkọ́?”

Wọ́n ní ọ̀nà méjì ni ó wà. Nínú ti àkọ́kọ́, sọ́fítíwíà nìkan ni à ń lò: ọpọlọ kọ̀ǹpútà yóò máa ka àṣẹ tí a kọ, yóò sì máa ṣe é ní ẹsẹẹsẹ. Bí iṣẹ́ bá yí padà, a ó yí àṣẹ padà, ó parí. Nínú ti èkejì, a ó gbé iṣẹ́ kan pàtó fún háàdíwíà tó mọ̀ ọ́n ṣe. Irú rẹ̀ ni GPU, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún àwòrán, ṣùgbọ́n tó lè yẹ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlà wò lẹ́ẹ̀kan náà. FPGA tún wà, tí a lè tú ètò inú rẹ̀ kí a sì tún un tò. Wọ́n wá kìlọ̀ pé, “Ṣùgbọ́n gbígbé iṣẹ́ lọ bá a àti gbígbé èsì padà ń gba àkókò. Bí iṣẹ́ bá kéré, ìrìn náà á ju iṣẹ́ lọ.”

Mo pariwo pé, “Sà, ọmú kẹta nìyẹn!”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní n kò jìnnà sí òtítọ́. Ní nǹkan bí ọdún 1804, ní ilẹ̀ Faransé, Joseph Marie Jacquard ṣe òfì kan tí páálí tí wọ́n lu ihò sí ń sọ fún un irú òwú tí yóò gbé sókè. Nígbà tó yá, Herman Hollerith lo páálí oníhò láti fi ka àwọn ènìyàn. Nǹkan bí ọdún 8 ni Amẹ́ríkà fi ṣírò ètò ìkànìyàn ọdún 1880. Ẹ̀rọ Hollerith mú kí ti ọdún 1890 yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ tó ń ka ìdáhùn tí a fi pẹ́ńsù HB kùn náà jẹ́ ìbátan wọn. Ó yára, ṣùgbọ́n bí o bá kùn ún síbi tí kò yẹ, kò ní bi ọ́ ohun tí o ní lọ́kàn. Ní ọdún 2015, JAMB pa ìwé tì pátápátá, wọ́n kó ìdánwò wọn sórí kọ̀ǹpútà.

Nígbà tó ku ọjọ́ márùn-ún kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, ẹbí náà padà wá. Wọ́n ní kí a hun lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ ọkọ àti ti ìyàwó sí etí gèlè kọ̀ọ̀kan. Ọmú kẹta kò mọ lẹ́tà. Bàbá kékeré fẹ́ tú u kí wọ́n tún un so, ṣùgbọ́n ọnà tó wà lára aṣọ kò tíì parí, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan yóò sì tún fẹ́ ọmú tirẹ̀. Bàbá mi jókòó, wọ́n fi ọwọ́ lérán. Mo rí owó ìdánwò mi tó ń lọ.

Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Bàbá, ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tú u. Ọnà tó ń tún ara rẹ̀ ṣe, kí ọmú máa hun ún. Lẹ́tà tó jẹ́ díẹ̀, kí bàbá àgbà fi igi ṣà á.”

Gbogbo wọn dákẹ́. Bàbá àgbà tẹ̀ síbi bẹ́ńṣì, wọ́n fa igi wọn yọ. Ojú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, nítorí náà mo jókòó tì wọ́n, mò ń ka òwú sókè ketekete, wọ́n sì ń ṣà á. Ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí a dá, aṣọ parí. Bàbá mi san owó WAEC mi láàárín ọ̀sẹ̀ kejì.

Láti ìgbà náà, bí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bá ń jiyàn pé èwo ló dára jù nínú háàdíwíà àti sọ́fítíwíà, ìbéèrè mẹ́ta ni mo máa ń bi wọ́n. Ṣé iṣẹ́ náà yóò tún ara rẹ̀ ṣe? Ṣé ó pọ̀ tó láti san gbèsè ọjọ́ tí a fi so ọmú? Ṣé oníṣẹ́ kò ní yí ọ̀rọ̀ padà lọ́la? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ so ọmú. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe sọ igi bàbá àgbà nù.