Yíyàn Láàárín Alùpùpù Méjì Tí Ó Jọra

Táíwò àti Kẹ́hìndé a máa jọ ara wọn ní ojú àlejò, ṣùgbọ́n ìyá tí ó bí wọn kì í ṣì wọ́n pè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀pọ̀ ohun tí a ń tà ní ọjà rí. Ẹni tí ó bá wò wọ́n fìrí yóò ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹni tí yóò máa lò wọ́n ní ojoojúmọ́ ni yóò mọ ibi tí wọ́n gbé yàtọ̀.

Àpẹẹrẹ èyí wà nínú àwọn alùpùpù ńlá tí àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn láti máa gùn ní ojú ọ̀nà gbọọrọ wọn. Ìjókòó irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ kì í ga, ọwọ́ tí a fi ń darí rẹ̀ a máa fẹ̀, ẹni tí ó gùn ún a sì na ẹsẹ̀ síwájú bí ẹni tí ó rọ̀gbọ̀kú. A kò ṣe é fún eré ìje. Ìrìn ìrọ̀rùn ni iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 2006, ilé iṣẹ́ Kawasaki ti ilẹ̀ Jàpáànù gbé Vulcan 900 Classic jáde. Ní ọdún 2009, ilé iṣẹ́ Yamaha, tí òun náà jẹ́ ti Jàpáànù, gbé V Star 950 dé ọjà Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ olùrà ni ó ti dúró láàárín àwọn méjèèjì, tí ọkàn wọn ń ṣe méjì.

Èyí kò yani lẹ́nu. Ẹ́ńjìnnì Vulcan jẹ́ 903 cc, ti V Star jẹ́ 942 cc. Sílíńdà 2 tí ó yà bí lẹ́tà V ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní. Jíà 5 ni èkíní ní, jíà 5 náà ni èkejì ní. Bẹ́líìtì ni ó ń yí táyà ẹ̀yìn àwọn méjèèjì, kì í ṣe ṣéènì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì wúwo tó nǹkan bí 280 kìlógíráàmù.

Níbo ni ìyàtọ̀ wá wà? Ti àkọ́kọ́ wà nínú ọ̀nà tí a fi ń mú kí ẹ́ńjìnnì tutù. Omi ni ó ń yí ẹ́ńjìnnì Vulcan ká, tí ó ń gba ooru rẹ̀, tí ó sì ń gbé e lọ sí rédíétọ̀ ní iwájú. Atẹ́gùn ni ó ń fẹ́ sí ẹ́ńjìnnì V Star lára. Níwọ̀n ìgbà tí alùpùpù náà bá ń lọ, atẹ́gùn yìí tó. Ṣùgbọ́n bí ó bá dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Texas ní ìgbà ooru, ẹsẹ̀ ẹni tí ó gùn ún ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, omi náà ní wàhálà tirẹ̀: rọ́bà tí ó ń gbà kọjá lè jò, a sì ní láti máa yẹ̀ ẹ́ wò, kí a sì máa pààrọ̀ rẹ̀.

Ìyàtọ̀ kejì wà nínú táǹkì epo. Ti Vulcan ń gba nǹkan bí lítà 20, ti V Star ń gba nǹkan bí lítà 17. Bí alùpùpù bá ń jẹ lítà 5 ní 100 kìlómítà, lítà 3 tí ó lé yìí yóò gbé e rin 60 kìlómítà sí i. Lójú ẹni tí kì í kúrò láàárín ìlú, ohun kékeré ni èyí. Ṣùgbọ́n lójú ẹni tí ń la aṣálẹ̀ Nevada kọjá, níbi tí ilé epo kan gbé jìnnà sí èkejì, ìyẹn lè sọ bóyá yóò gun alùpùpù rẹ̀ dé ibi tí ó ń lọ, tàbí yóò máa tì í.

Nítorí náà, ẹni tí ó ń béèrè pé, “Èwo ni ó dára jù?” kò tíì béèrè ohun tí ó yẹ. Ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀nà tí ènìyàn yóò máa tọ̀, ooru ibi tí ó ń gbé, àti bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe tẹ ilẹ̀ nígbà tí ó jókòó, àwọn wọ̀nyí ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wò.

Bí ó bá sì jẹ́ pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni yóò ti rà á, ìtọ́jú tí olówó rẹ̀ àkọ́kọ́ fún un ṣe pàtàkì ju orúkọ tí a kọ sí ara táǹkì lọ. Kí ó wo ẹ̀gbẹ́ táyà dáadáa. Nọ́ńbà 4 kan wà níbẹ̀ tí ó ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀: 2316 túmọ̀ sí pé ní ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2016 ni a ṣe é. Táyà bẹ́ẹ̀ lè máa dán lójú, kí rọ́bà rẹ̀ sì ti gbó, kí ó má lè di ilẹ̀ mú mọ́ nígbà òjò.

Ọlọ́gbọ́n olùrà kì í ná gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀ sórí ẹwà alùpùpù. A máa fi díẹ̀ pamọ́ fún àṣíborí tí ó nípọn, fún táyà tuntun, àti fún ẹni tí yóò kọ́ ọ bí a ti ń gun ohun tí ó wúwo tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ra Vulcan lè dé ilé láyọ̀, ẹni tí ó ra V Star náà lè dé ilé láyọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi owó àṣíborí ra àwọ̀ tí ń dán, bí ó bá ṣubú ní ọ̀nà, àwọ̀ náà kò ní gbà á sílẹ̀.