Ajá Tí Kì Í Gbó àti Àwọn Ẹgbẹ́ Rẹ̀

Lọ́dún 1895, wọ́n gbé irú ajá kékeré kan tó ti ilẹ̀ Kóńgò wá síbi ìfihàn ajá Crufts nílùú London. "Congo Terrier" ni wọ́n pè é. Terrier gan-an kọ́: ajá tí ń wọ ihò tọ ẹran lẹ́yìn ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè bẹ́ẹ̀, ajá ọdẹ inú igbó sì ni èyí. Basenji là ń pè é lónìí. Akọ rẹ̀ ga tó ínǹṣì 17, ó sì wúwo tó kílò 11. Etí rẹ̀ nàró, iwájú orí rẹ̀ hunjọ, ìrù rẹ̀ ká wálẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìdí. Kì í gbó, ṣùgbọ́n kì í ṣe odi. A máa hu bí ẹni ń dárin. Nítorí pé kì í gbó ni àwọn ọdẹ Kóńgò fi ń so agogo onígi mọ́ ọn lọ́rùn, kí wọ́n lè mọ ibi tó wà nínú igbó.

Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ kó dé Ìlú Ọba kò pẹ́ láyé. Àrùn pa wọ́n. Lọ́dún 1923, Lady Helen Nutting kó mẹ́fà wá láti Sudan. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n gún wọn ní ibi ìsémọ́ ló pa gbogbo wọn. Àfìgbà tí Olivia Burn kó tirẹ̀ lọ sí Crufts lọ́dún 1937 ni èrò ya wá wò wọ́n. Lọ́dún 1939 ni àwọn olólùfẹ́ ajá náà dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Bìrìtìkó. Veronica Tudor-Williams sì wà lára àwọn òpó rẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà dá tiwọn sílẹ̀ lọ́dún 1942.

Ohun tó jẹ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lógún ni ìwé ìran: ta ni bàbá, ta ni ìyá, ta ni ìyá ìyá. Ajá tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé kò ní ẹ̀tọ́ níbi ìfihàn.

Ọ̀rọ̀ ìwé ìran yìí ló gbé mi dé Ọbọ-Ilé ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Mo gba Òmù-Àrán àti Ọ̀sì lọ ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí wọ́n ti ń sun ìgbẹ́. Ajá tó tẹ̀lé bàbá ọdẹ kan bọ̀ láti oko kò ju orúnkún rẹ̀ lọ. Irun rẹ̀ kúrú, etí rẹ̀ nàró, ṣaworo wà lọ́rùn rẹ̀, Tanímọ̀la sì lorúkọ rẹ̀. Basenji kọ́, nítorí ó ń gbó dáadáa, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ Basenji kò ní ṣàì rí ìjọra wọn. Mo ní, "Bàbá, báwo lẹ ṣe ń yan ọmọ ajá?" Ó ní, "Ìyá rẹ̀ là ń wò. Ìyá tó bá mọ òórùn ọ̀yà, tí kì í jẹ ẹran tó bá pa, ọmọ rẹ̀ là ń tọrọ." Ẹnu àwọn àgbà ọdẹ ni ìwé ìran tiwọn wà, ajá tí kò bá sì mọ iṣẹ́ kì í pẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Ní tèmi, ọgbọ́n yìí yẹ ní àkọsílẹ̀.

Ní òkè òkun, ìwé pọ̀, ẹ̀jẹ̀ ni kò tó. Ajá díẹ̀ ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀ wá, ìbátan sì ń gun ìbátan. Tudor-Williams fúnra rẹ̀ rìn lọ sí gúúsù Sudan lọ́dún 1959, ó sì mú abo pupa kan bọ̀, Fula. Kò gbé e lọ síbi ìfihàn kankan, síbẹ̀ ìran Fula ti tàn dé ara Basenji tó pọ̀ jù lọ. Àrùn Fanconi, tí ń ba kíndìnrín jẹ́ tí ṣúgà fi ń bá ìtọ̀ jáde, kò sì lọ. Lọ́dún 1987 àti 1988, àwọn ará Amẹ́ríkà lọ wá ajá mìíràn ní Zaire, bí Kóńgò ṣe ń jẹ́ nígbà náà. Nígbà tó di 1990, wọ́n ṣí ìwé ìran fún àwọn ajá náà, àwọ̀ abilà sì di èyí tí wọ́n gbà. Wọ́n tún ṣí i láti 2009 dé 2013. Láti 2007 ni àyẹ̀wò DNA ti wà tí ń sọ ajá tó lè bí ọmọ alárùn, kí olówó rẹ̀ tó fi gùn.