Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ iye ènìyàn mi fún yín, kí ẹ má baà rò pé fáàrí ni mo fẹ́ ṣe. Àwọn tí ń tẹ̀ lé mi lórí Facebook kò pé 420. Ní ọdún tó kọjá, ènìyàn 64 péré ni ó sanwó ìtàn mi lórí WhatsApp. Kòmu ni mo ń gbé, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú ní Òkè-Ògùn. A mọ iṣu tà níbí, a mọ ẹ̀gúsí tà, a mọ gbágùúdá tà. N kò tíì rí ẹni tí ó pàtẹ ìwé ìtàn lọ́jà wa.

Ìwé ni mo kọ́kọ́ gbára lé. Ní 2019, mo kó owó tí mo rí nídìí àgbàdo fún atẹ̀wé kan nígboro, a sì jọ ṣàdéhùn ọ̀ọ́dúnrún ẹ̀dà. Nígbà tí ẹrù dé, àmì ohùn ti bọ́ lórí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ tí ó fẹ́ ìyàwó àti ọkọ́ tí a fi ń kọ ebè fi di ọ̀kan náà. Mo tà tó ogójì. Ikán ni ó ka ìyókù tán.

Àwọn ọ̀rẹ́ ní kí n lọ wá èrò sórí ayélujára. Ọ̀kan ní kí n kó ìwé náà lọ sí OkadaBooks, tí Okechukwu Ofili dá sílẹ̀ ní 2013. Kí n tó múra tán, wọ́n ti ti ìlẹ̀kùn ibẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023. Òmíràn ní YouTube ló kù. Kí YouTube tó lè fi ìpolówó ọjà san owó fún ènìyàn bíi tèmi, ó fẹ́ kí ènìyàn 1,000 forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, kí wọ́n sì fi wákàtí 4,000 wò mí láàárín ọdún kan. Ta ni yóò fi oko sílẹ̀ wá jókòó wò mí?

Ọ̀nà tí mo rí gbà kéré, ó sì yé mi. Lórí WhatsApp, ènìyàn lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí 256 ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà, tí yóò dé ọ̀dọ̀ oníkálukú bí ẹni pé òun nìkan ni a kọ ọ́ sí. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá fi nọ́ńbà rẹ pamọ́ sórí fóònù rẹ̀ kò ní rí i gbà. Nítorí náà, ẹni tí ó mọ̀ ọ́ ni yóò kà ọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo ń fi orí kan ránṣẹ́. Orí mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹgbẹ̀rún kan náírà ni mẹ́sàn-án tó kù.

Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n tètè dárúkọ owó. Àgbàlagbà kan bi mí pé, "Àlọ́ lo wá ń tà? Ta ni bàbá rẹ àgbà gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ rí?" N kò rí èsì fọ̀. Ìyá kan tí ń ta ẹ̀gúsí ló ràn mí lọ́wọ́ láìmọ̀. Ó ní òun ti sanwó, ṣùgbọ́n ojú òun kò rí lẹ́tà fóònù mọ́, kí n wá kà á fún òun. Mo fi ohùn kà á, mo sì fi ránṣẹ́. Kí oṣù tó parí, ó lé ní ogún ènìyàn tí ó ń béèrè ohùn, títí kan àwọn ọ̀mọ̀wé tí ojú wọn kò ṣàìsàn. Ohun tí mo rí níbẹ̀ yà mí lẹ́nu: ọ̀pọ̀ wa tí ń sọ Yorùbá dáadáa ni Yorùbá alámì ohùn ń dẹ́rù bà láti kà.

Oṣù mẹ́ta ni ìtàn náà gbà, ₦64,000 sì ni ó wọlé, kí a tó yọ owó dátà. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba fi lélẹ̀ ní 2024 jẹ́ ₦70,000. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò rẹ̀. Síbẹ̀, òun ni mo fi san owó WAEC àbúrò mi.

Mo máa ń ronú kan I. B. Thomas. Láti 1929 wọ 1930, ó tẹ ìtàn Sẹ̀gilọlá sínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà tí obìnrin kan ń kọ; ó sì kó o jọ di ìwé ní 1930. Ó sá pamọ́ sẹ́yìn obìnrin náà, àwọn kan sì gbà pé ẹni gidi ni. Èkó fẹ̀ tó láti sá pamọ́ sí. Ní tèmi, nọ́ńbà mi wà lórí fóònù àbúrò bàbá mi.

Orí kẹsàn-án ló dá wàhálà sílẹ̀. Mo kọ̀wé nípa ọkùnrin kan tí ó dá ta oko kajú ẹbí láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ti sọ ọ́ di télọ̀, mo ti gbé e kúrò ní Kòmu lọ sí Ṣakí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, obìnrin kan kọ̀wé láti Ìbàdàn pé, "Kí ló dé tí o sọ wọ́n di télọ̀? Gbogbo wa la mọ̀ wọ́n." Nígbà tó di ọ̀sán, àbúrò bàbá mi dé.

"Ìwọ ọmọ yìí, èmi ni o ń fi owó mi ròyìn fún?"

Mo dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Ìtàn lásán ni."

"Yọ ọ́ kúrò."

Mo sọ fún wọn pé ohun tí ó ti dé orí fóònù 64 kò ṣeé yọ mọ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́. Mo lè mú un wá sí ọ̀nà nínú orí tó kàn, kí ó san owó náà padà, kí ẹbí sì dárí jì í. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lóru ọjọ́ náà. Mo kà á sókè, ohùn ara mi sì sú mi. Mo pa á rẹ́, mo sì fi èyí tí mo ti kọ tẹ́lẹ̀ ránṣẹ́.

Ènìyàn mẹ́sàn-án kò san owó ìtàn kejì, ẹbí mi ni méje nínú wọn. Oṣù méjì ni èmi àti Bàbá kò fi kọjá ìkíni. Lọ́jọ́ tí mo fi orí kìíní ìtàn tuntun síta, kí ẹnikẹ́ni tó sanwó, fóònù mi dún: ẹgbẹ̀rún kan náírà, orúkọ wọn ni. Níbi tí a ti ń kọ ìdí tí a fi fi owó ránṣẹ́, wọ́n kọ ọ́ pé: "Owó ìtàn. Má fi mí sí i."