Kí ẹ tó dá owó nǹkan ìṣeré fún jẹ́lé-ó-sinmi, ẹ béèrè ìbéèrè mẹ́ta yìí

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa kéékèèké ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí. Orúkọ tí Yorùbá fún ilé-ìwé wọn máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: jẹ́lé-ó-sinmi. Lóòótọ́ ni ilé máa ń sinmi tí wọ́n bá ti jáde, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́ta kì í sinmi níbi kankan. Ibi tó bá dé ni yóò ti máa fọwọ́ kan nǹkan, yóò tú u, yóò tò ó, yóò sì kì í bọ ẹnu. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́. Ìdí nìyí tí ohun tí a bá kó síwájú rẹ̀ fi ṣe pàtàkì ju àwòrán tí a lẹ̀ mọ́ ògiri lọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà tó kọjá, ilé-ìwé kékeré kan tí ọmọ-ọmọ mi ń lọ ní Yemẹtu níbí fẹ́ pín kíláàsì wọn sí igun márùn-ún: igun ìwé, igun ìṣirò, igun ìkọ́lé, igun tí wọn yóò ti máa ṣe bí ìyá àti bàbá, àti igun iyanrìn àti omi. Ìyá tó ni ilé-ìwé pè wá jọ pé kí a dá owó. Àwọn nǹkan tí wọ́n kọ sínú ìwé pọ̀: ABD oníke, bèbí aláwọ̀ funfun, dùrù oníbátìrì, tábúlẹ́ẹ̀tì mẹ́ta. Alátẹ, télọ̀, káfíńtà àti ọlọ́kadà ló pọ̀ jù nínú àwa tí a jókòó. Mo ní kí a kọ́kọ́ bi ara wa ní ìbéèrè mẹ́ta. Àwọn ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin náà mú lọ sí ilé-ìwé ọmọ yín.

Èkíní: ṣé kò ní pa ọmọ lára? Ẹ mú páálí roboto tó máa ń kù nínú tíṣù ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ohunkóhun tó bá lè gba inú rẹ̀ kọjá kì í ṣe ohun ìṣeré fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, nítorí ó lè há a lọ́fun. Ẹ̀pà, ìlẹ̀kẹ̀, bọ́tìnì, ọmọ ayò, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Èyí tó tún burú ni bátìrì pẹlẹbẹ tó rí roboto bí bọ́tìnì, tó máa ń wà nínú ohun ìṣeré tó ń kọrin. Bí ọmọ bá gbé e mì, ó lè jó o lọ́fun láàárín wákàtí méjì. Tí kì í bá ṣe sukúrù ni wọ́n fi dé ojú bátìrì náà, ẹ má rà á. Bí ẹ bá fura pé ọmọ ti gbé e mì, ẹ má fipá mú un bì, ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ní ti àwa ará Yemẹtu, UCH kò jìnnà sí wa.

Ẹ tún wo ọ̀dà ara rẹ̀. Òjé wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà àtijọ́, òjé sì máa ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́ díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ara rẹ̀ gbóná. Ẹ ó rántí Zamfara ní 2010, níbi tí òjé inú òkúta góòlù tí wọ́n ń lọ̀ ti pa àwọn ọmọdé tó lé ní 400. Ní 2021 ni NAFDAC ṣe òfin pé òjé inú ọ̀dà kò gbọ́dọ̀ ju ìwọ̀n 90 nínú mílíọ̀nù kan lọ, ṣùgbọ́n òfin kò lè yọ èyí tó ti wà lára ohun àlòkù. Èyí tí ọ̀dà rẹ̀ bá ti ń ṣí, ẹ fi sílẹ̀. Igi lásán tí káfíńtà fi sánpépà ha dáadáa sàn jù ú lọ.

Èkejì: ṣé ohun tí ọmọ lè fi í ṣe ju ẹyọ kan lọ? Dùrù oníbátìrì, ẹ tẹ̀ ẹ́, ó kọrin, ó parí. Ṣùgbọ́n ègé igi ogún lè di ilé lónìí, kó di mọ́tò lọ́la, kó di ohun tí a ń kà lọ́tùn-únla. Froebel ti fi bọ́ọ̀lù àti ègé igi kọ́ ọmọdé ní Jámánì láti nǹkan bí 1837. Ní ọjọ́ 6, oṣù Kìn-ín-ní, 1907, Dókítà Maria Montessori ṣí ilé tirẹ̀ ní Róòmù fún ọmọ àwọn tálákà, ohun tí wọn yóò fọwọ́ ṣe ló sì kó fún wọn. Àwa náà ní tiwa. Ọpọ́n ayò ní ihò 12 àti ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ọdún márùn-ún tó ń pín in ti ń kọ́ ìṣirò, ó tún ń kọ́ bí a ṣe ń dúró de ẹlòmíì. Kí olùkọ́ jókòó tì í o, kí ọ̀pọ́n náà má sì dé ọ̀dọ̀ àwọn tó kéré. Ìdérí ike tó fẹ̀ ni kí wọ́n fún àwọn yẹn láti kà.

Ní ti tábúlẹ́ẹ̀tì, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ ní 2019 pé kí ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin má ṣe jókòó síwájú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ju wákàtí kan lọ lóòjọ́, tó bá sì dín sí i, ó dára jù. Tẹlifíṣọ̀n ilé ti gba wákàtí yẹn tán.

Ẹ̀kẹta: ṣé ọmọ mọ̀ ọ́n nílé? Igun ìyá àti bàbá kò nílò ju ìkòkò kékeré, igbá, orógùn, ọmọláńgidi àti ìró tí wọn yóò fi pọ̀n ọ́n. Àjákù aṣọ ọ̀dọ̀ télọ̀ dára fún yíyà sọ́tọ̀ ní àwọ̀-àwọ̀. Bí àdìrẹ Ìbàdàndùn bá wà nínú rẹ̀, kí olùkọ́ ní kí wọ́n wá òpó Gbọ̀ngàn Mápó lára rẹ̀, èyí tí wọ́n ṣí ní 1929. Ọmọ tí ń gba Mápó kọjá yóò dá a mọ̀.

Bàbá kan dìde nínú ìpàdé wa, ó ní: “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ohun tó wà nílé mi náà ni mo tún ń sanwó ilé-ìwé lé lórí?” Ìbéèrè gidi ni. Mo ní, “Bàbá, igbá wà nílé yín lóòótọ́. Ta ló jókòó ti ọmọ tó ń bi í pé, èló ló wà nínú igbá yìí, èló ló kù tí mo bá mú méjì?” Ẹni tó ń béèrè yẹn ni a ń sanwó fún. Ohun ìṣeré tó wọ́n jù lọ kò lè béèrè ìbéèrè kankan. Ègé igi, àjákù aṣọ àti igbá ni a kó jọ níkẹyìn, owó tí a sì dá, ìwé Yorùbá àti ti Gẹ̀ẹ́sì la fi rà.

Ẹ má fòyà nítorí Yorùbá. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, àwọn ọmọ náà kò sì gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba àpapọ̀ kéde ní oṣù Kọkànlá, 2025 pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ni láti jẹ́lé-ó-sinmi. Èyí ló fi yẹ kí ẹ̀yin àgbà má fi igun ìwé sílẹ̀. Ẹ bẹ olùkọ́ pé kó fún yín ní ìdajì wákàtí lọ́sẹ̀, kí ẹ lọ pàlọ́ fún wọn.

Ẹ ráńtí ìmọ́tótó pẹ̀lú. Kí wọ́n máa fi omi ọṣẹ fọ ohun ìṣeré, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Kí wọ́n máa bo iyanrìn mọ́lẹ̀ tí ilé-ìwé bá ti parí, nítorí ológbò. Kí wọ́n da omi nù kí wọ́n tó yẹjú kúrò níbẹ̀. Omi tí kò kún bàsíà lè gba ẹ̀mí ọmọdé. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a rí ibi lára wọn. Ó di ọ̀sẹ̀ mìíràn.