Kì Í Ṣe Gbogbo Rẹ̀ Ni Jẹ̀díjẹ̀dí

Ní gúúsù Èkìtì níhìn-ín, láti Ìkẹ́rẹ́ títí dé Ìsẹ̀ àti Emùré, ẹrù tí a ń dì lé jẹ̀díjẹ̀dí lórí pọ̀. Bí ẹ̀yìn bá ń ro ọkùnrin, jẹ̀díjẹ̀dí ni. Bí nǹkan ọkùnrin rẹ̀ kò bá le mọ́, jẹ̀díjẹ̀dí ni. Bí àtọ̀ rẹ̀ bá ń tètè dà, wọn á ní kó yé lá ṣúgà, kó lọ ra àgbo. Nígbà tí ọ̀ràn náà kàn mí ní ọdún kẹfà ìgbéyàwó wa, orúkọ yìí kan náà ni mo kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n tí mo fi ọ̀rọ̀ lọ̀.

Ṣáájú ìgbà náà, a kò ní ìṣòro kankan. Àfi bí ó ṣe di pé kí a tó bẹ̀rẹ̀, ó ti parí. Ìyàwó mi rò pé ńṣe ni mo ń kánjú kúrò lọ́dọ̀ òun, pé ọkàn mi ti wà níta. Ó kó lọ sí yàrá àwọn ọmọ. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo ṣàlàyé fún un pé ara mi ni kò gbọ́ tèmi mọ́, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a jọ lọ rí dókítà.

Ọ̀rẹ́ kan ti fún mi ní tramadol, mo sì dá a padà. Lóòótọ́, oògùn ìrora yìí lè mú kí àtọ̀ pẹ́ kó tó dà, ìdí sì nìyẹn tí ó fi gbòde láàárín àwọn ọ̀dọ́. Ṣùgbọ́n ó ń di bárakú, ó lè fa gìrì, ó sì lè dá èémí dúró, pàápàá bí a bá fi ọtí gbé e mì. Kápúsù rẹ̀ tó ju mílígíráàmù 100 lọ, tí wọ́n ń tà lábẹ́lẹ̀, NAFDAC kò fọwọ́ sí i.

Ìbéèrè ni dókítà tí a rí ní Adó fi bẹ̀rẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló ti rí láti ìgbà ọ̀dọ́, àbí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni? Ṣé nǹkan ọkùnrin ń le dáadáa, ṣé ó sì ń dúró bẹ́ẹ̀? Ó ní bí ó bá ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀, nǹkan bí ìṣẹ́jú 1 ni àwọn onímọ̀ fi ń mọ̀ ọ́n. Bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ìṣẹ́jú 3 tàbí kó dín, tí ọkùnrin kò lè dá a dúró, tí ó sì ń bà á nínú jẹ́. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2005, tọkọtaya bí 500 ní orílẹ̀-èdè 5 fi aago ka àkókò náà. Agbedeméjì rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 5 àbọ̀ lọ. Ó jìnnà sí odindi òru tí àwọn tó ń polówó àgbo ń ṣèlérí.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n bá lára mi. Nǹkan ọkùnrin mi ti ń tètè rọ̀, ara mi sì ń sáré kó lè parí kó tó rọ̀. Ìyẹn ni wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú. Wọ́n tún kọ́ àwa méjèèjì ní ọ̀nà tí James Semans, dókítà ará Amẹ́ríkà, kọ nípa rẹ̀ ní 1956: bí ó bá kù díẹ̀ kí àtọ̀ dà, kí a dúró; kí ara rọlẹ̀; kí a tún bẹ̀rẹ̀. Ó gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ó sì gba sùúrù ìyàwó. Fún ẹlòmíràn, ìpara tó ń dín bí ara ibẹ̀ ṣe ń mọ nǹkan lára kù, tàbí irú oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, lè ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n dókítà ló gbọ́dọ̀ díwọ̀n rẹ̀.

Òdìkejì ni ti àwọn mìíràn: àtọ̀ wọn kì í dà bọ̀rọ̀, tàbí kì í jáde rárá. Àtọ̀gbẹ, iṣẹ́ abẹ tàbí oògùn kan lè mú kí àtọ̀ padà sínú àpò ìtọ̀. Irú ilé bẹ́ẹ̀ lè máa wá ọmọ, kí àwọn ará sì máa pe ìyàwó ní àgàn, nígbà tí àyẹ̀wò ìtọ̀ ọkọ lẹ́yìn ìbálòpọ̀ lè fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ hàn. Àìsàn ìdí ni jẹ̀díjẹ̀dí. Àgbo rẹ̀ kò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín gbogbo ìwọ̀nyí.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọkùnrin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kọ́kọ́ sọ fún ìyàwó yín. Ẹ kọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ kó gbogbo oògùn àti àgbo tí ẹ ń lò dání lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ẹ̀jẹ̀ bá sì ń bá àtọ̀ jáde, tàbí tí ó ń dùn yín, ẹ má ṣe jẹ́ kó di ọ̀la.